Sìpíríǹgì Kẹ̀kẹ́ Ọ̀gá Mi àti Kọ̀ǹpútà Tí O Fẹ́ Fún Ní Eré

Ìkàrẹ́-Àkókó,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Múínátù Àjíkẹ́, ọmọ mi tí kì í jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ lórí fóònù,

Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ lórí ìjókòó, má dìde. Bó bá bá ọ lórí ìdúró, wá àga, torí ó gùn. Ara mi le, Alihamudulilahi. Orúnkún ọ̀tún ṣì ń bá mi jà, ti òsì ń là wá.

Mo lè pè ọ́. Àmọ́ nígbàkígbà tí mo bá pè ọ́, bí mo bá ti ń sún mọ́ ibi tó ṣe pàtàkì, wàá ní, "Bàbá, ẹ dúró ná, oníbàárà ti wọlé." Bí gbogbo oníbàárà yẹn bá jẹ́ òótọ́, kò yẹ kó ku ẹnì kan sílé mọ́ ní gbogbo Ìwàrò-Ọ̀kà, inú ṣọ́ọ̀bù tuntun rẹ ni gbogbo wọn ì bá wà. Lẹ́tà kò ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, o sọ fún mi pé kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí o fi ń ṣe fídíò nikáì àti ti wáàsí ti ń falẹ̀. O ní bí o bá fẹ́ kó fídíò wákàtí kan jáde, á gbà ọ́ ní ọ̀sán gbáko. O ní ọ̀nà kan wà tí èèyàn fi lè ti eré pùrósẹ́sọ̀ rẹ̀ kọjá ibi tí àwọn tó ṣe é fi í sí, pé ófàkílọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè é, àti pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lo máa ṣe é. Mo ní, "Ṣé o ti ṣe é rí?" O ní, "Rárá o, Bàbá, àmọ́ mo ti wo fídíò mẹ́ta." Fídíò mẹ́ta! Ọkọ̀ òfurufú tí mo ti wò lójú ọ̀run Ìkàrẹ́ ju mẹ́ta lọ, ẹnikẹ́ni ò tíì ní kí n wá wà á.

Kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù ni mo ń rò. Bí ṣọ́ọ̀bù bá dẹnu kọlẹ̀, wàá padà wá máa gún iyán fún mi. Ohun tí mo ń rò ni pé inú kọ̀ǹpútà yẹn ni ohùn ìyá rẹ wà, èyí tí o gbà sílẹ̀ nígbà tí àìsàn dá a dúbúlẹ̀, kó tó padà sọ́dọ̀ Ọlọ́run. Mo bi ọ́ pé ibo ló tún wà. O ní, "Fóònù tí mo fi gbà á ti bọ́ sómi, Bàbá. Inú kọ̀ǹpútà nìkan ló kù." Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni oníbàárà wọlé.

Ó dára. Oníbàárà ti lọ báyìí. Jẹ́ ká sọ̀rọ̀.

Kí o má baà sọ pé baba arúgbó kan tó ka ìwé mẹ́rin péré ń sọ ohun tí kò mọ̀, mo ti lọ bá Ìdírísù, onírùngbọ̀n tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́bàá ọjà. Ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, "Bàbá wa, ẹ káàbọ̀" ló ń sọ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ń wò mí bí ẹni ń wo òjò tó kọ̀ tí kò dá. Àmọ́ ó ṣàlàyé fún mi.

Ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó, bí ọkàn ṣe ń lù láyà yín ni pùrósẹ́sọ̀ ṣe ń lù. Bó bá ṣe ń lù kíákíá tó ni iṣẹ́ á ṣe yá tó. Àwọn tó ṣe é ti yan iye tí á máa lù fún un. Wọ́n sì fi díẹ̀ sílẹ̀ lókè tí wọn ò lò, kó má baà kú mọ́ aláìmọ̀kan lọ́wọ́. Díẹ̀ yẹn ni ọmọ yín fẹ́ lò."

Mo ní, "Gọ́fánà nìyẹn."

Ó ní, "Kí ló ń jẹ́ gọ́fánà?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí mo ti dá ẹ̀ṣẹ̀ yìí, àwọn èèyàn ti sọ ọ́ di ìmọ̀ ẹ̀rọ, wọ́n sì fún un lórúkọ òyìnbó.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Wá wo àkísà mi.

Mo ti lé ní ogún ọdún díẹ̀ nígbà náà, mo ń bá Ọ̀gá Sùnmọ́là ṣiṣẹ́ níbi ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀ ní Ìkàrẹ́ níbí. Dísù ni ẹ̀rọ náà ń mu. Ohun kan wà lára rẹ̀ tí à ń pè ní gọ́fánà, sìpíríǹgì kékeré kan ló dì í mú. Bí ẹ̀rọ bá ti fẹ́ sáré jù, gọ́fánà á fà á sẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, ọ̀gá mi ní, "Ráṣíìdì, ohun gbogbo tó wà níbí ni kí o fọwọ́ kàn, àfi gọ́fánà." Kó tó pa ẹnu dé ni mo ti ń wo gọ́fánà.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. O mọ bí ọjà ṣe máa ń rí. Ẹ̀wà àkàrà, àgbàdo ògì, èlùbọ́, gbogbo wọn dé lọ́jọ́ kan náà. Ìlà àwọn obìnrin gùn dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ọ̀gá mi sì ti lọ kí ẹnì kan ní Ògbàgì, ó gba ọkọ̀ lọ. Ó fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lára ògiri. Mo wo kẹ̀kẹ́. Sìpíríǹgì méjì tó le wà lábẹ́ àga rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀kan tó fún ìdí àgbàlagbà. Mo yọ ìkejì, mo yọ sìpíríǹgì gọ́fánà sọnù, mo fi ti kẹ̀kẹ́ rọ́pò rẹ̀.

Ìmọ̀ràn kìíní, ọmọ mi: bèèrè ná bóyá ẹ̀rọ rẹ gbà á. Ìdírísù ní kì í ṣe gbogbo pùrósẹ́sọ̀ ló ṣeé fún ní eré. Òmíràn wà tí àwọn tó ṣe é ti tì í pa, kò sí ohun tí o lè ṣe sí i. Bó bá sì ṣí sílẹ̀, ó tún ku pátákó tó gbé e dání, òun náà gbọ́dọ̀ gbà. Ka orúkọ tó wà lára méjèèjì, kí o wá ìwé wọn kà. Èmi kò bi ẹ̀rọ léèrè. Ìdí ọ̀gá mi gan-an, mi ò bi í léèrè.

Ìkejì: má sọ ti àtijọ́ nù. Sìpíríǹgì gọ́fánà tí mo yọ, inú igbó ẹ̀yìn ilé ni mo jù ú sí. Mo rò pé mi ò ní í wá a mọ́ láéláé. Ìwọ, kí o tó yí ohunkóhun nínú báyọ́ọ̀sì, ìyẹn ojú ewé tí kọ̀ǹpútà máa ń fi hàn ọ́ bí o bá ń tẹ bọ́tìnnì nígbà tó ń jí, mú bírò, kí o kọ gbogbo nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ sínú ìwé. Inú ìwé ni mo wí, kì í ṣe inú kọ̀ǹpútà kan náà tí o fẹ́ dà láàmú! Ìdírísù tún fi bátìrì róbótó kan hàn mí, ó tó bọ́tìnnì ẹ̀wù. Ó ní bí o bá ṣi nǹkan yí, tí kọ̀ǹpútà sì kọ̀ tí kò jí, kí o yọ wáyà iná kúrò lára ògiri, kí o yọ bátìrì yẹn, kí o dúró díẹ̀, kí o dá a padà. Á gbàgbé gbogbo ohun tí o ṣe sí i, á padà sí bí wọ́n ṣe bí i. Mo bi í bóyá irú bátìrì bẹ́ẹ̀ wà fún èèyàn. Ó ní kò sí. Mo ní ó burú o.

Ìkẹta ni ti ìgbóná. Mo fún ẹ̀rọ ní eré, mi ò sì wo àgbá omi tó ń tù ú. Omi inú rẹ̀ kò tó ìdajì. Bí eré bá ti pọ̀, ooru dé nìyẹn, wọn kì í pínyà, bí àwọn ọmọ Ọ̀kà àti ẹjọ́. (Má bínú, mo mọ̀ pé ọmọ Ọ̀kà ni ìyá rẹ. Ìdí tí mo fi mọ̀ nípa ẹjọ́ nìyẹn.) Kọ́kọ́ ṣí kọ̀ǹpútà náà kí o gbọn eruku inú rẹ̀ dànù. Ìdírísù ní òun ti rí èyí tí eruku ọyẹ́ inú rẹ̀ nípọn tó ẹní. Irin tó ń tu pùrósẹ́sọ̀ lára, tí fáànù wà lórí rẹ̀, bó bá jẹ́ èyí kékeré tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́ ni, ra èyí tó tóbi. Fi sípíríìtì nu ìpara gbígbẹ tó wà láàrin irin yẹn àti pùrósẹ́sọ̀ kúrò, kí o fi tuntun sí i, bí ẹyọ ẹ̀wà kan péré. Mo mọ̀ ọ́. Bí o ṣe máa ń fi ìpara pa ojú kọ́, ẹyọ ẹ̀wà kan ni mo wí.

Kí o wá wo bó ṣe ń gbóná sí kí o tó fún un ní eré rárá. Bó bá ti ń sún mọ́ àádọ́rùn-ún digirì nígbà tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí lo fẹ́ kó dà nígbà tó bá ń sáré?

Jẹ́ ká padà sí Ìkàrẹ́. Lọ́jọ́ kìíní yẹn, ẹ̀rọ ń ké bí ẹyẹ. Iṣẹ́ tó ń gbà mí ní òwúrọ̀ dọ̀sán, kí oòrùn tó là dáadáa ó ti tán. "Ráṣíìdì, ọwọ́ ẹ mà yá o!" "Ráṣíìdì, wàá bí ìbejì!" Mo ń na àyà káàkiri bí àkùkọ. Ọ̀gá mi dé láti Ògbàgì, ó rí i pé ìlà ti tán, inú rẹ̀ dùn, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ó ń lọ sílé. Ó tẹ̀ sápá kan bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ fún ilẹ̀. Ó dúró, ó wẹ̀yìn.

"Ráṣíìdì, ṣé ọ̀nà yìí ló dagun ni, àbí èmi?"

"Ọ̀nà ni, ọ̀gá."

"Ìjọba yìí o," ó ní, ó sì ń tẹ̀ lọ.

Ìkẹrin, kí n tó gbàgbé: ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni kí o máa gùn ún. Sìpíríǹgì kẹ̀kẹ́ yẹn le tó ti gọ́fánà lọ́nà mẹ́ta. Láti orí ìrìn ni mo ti gbé ẹ̀rọ bọ́ sórí eré àsápajúdé, kò sí àárín. Ìdírísù ní nọ́ńbà kan wà nínú báyọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní ìlọ́po. Fi ẹyọ kan kún un. Jẹ́ kó jí. Lò ó. Wo ìgbóná rẹ̀. Bó bá dúró, fi ẹyọ kan sí i lọ́jọ́ mìíràn. Ibi tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀, padà sẹ́yìn níṣìísẹ̀ kan tàbí méjì, kí o jókòó síbẹ̀, kí o má ṣe bá ẹnikẹ́ni díje. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù. O mọ ibi tí òwe yẹn ní àmúkùrù bà sí, mi ò ní í kọ ọ́ sínú ìwé fún ọmọbìnrin mi.

Ti fọ́tééjì wà lára èyí. Fọ́tééjì ni oúnjẹ pùrósẹ́sọ̀. Bí eré bá pọ̀, ebi lè pa á, á fẹ́ kí o fi díẹ̀ kún un. Díẹ̀ náà ni o. Nígbà tí Ìdírísù dé ibí yìí, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi sọ fún un, eré kì í sábà pa á, ooru á jẹ́ kó paná ara rẹ̀ kó sinmi. Fọ́tééjì ló ń pa á pátápátá, bátìrì róbótó ò lè jí i." Mo ti bá a sọ ọ́.

Ọjọ́ kejì dé. Ẹ̀rọ ṣì ń ké. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta èlùbọ́, iṣu Etíòrò ló máa ń lò, gbé abọ́ rẹ̀ padà wá bá mi. "Ráṣíìdì, gbóòórùn èlùbọ́ yìí. Ó ń rùn bí ohun tí wọ́n yan."

Mo ní, "Iṣu yín ni, ìyá."

"Iṣu mi?"

"Iṣu yín ni. Iṣu ọdún yìí bẹ́ẹ̀ náà ló rí."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ó dáa, ọmọ mi," ó sì lọ. Kì í ṣe iṣu. Ọlọ irin ẹ̀rọ ló ti ń gbóná, tó ń sun èlùbọ́ èèyàn láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìyẹn ni ìkarùn-ún, òun ló sì jinlẹ̀ jù nínú ohun tí Ìdírísù sọ. Ó ní kọ̀ǹpútà tí eré pọ̀ jù fún lè máà kú. Á jí, á ṣiṣẹ́, á máa rẹ́rìn-ín sí ọ. Àmọ́ á máa ṣe àṣìṣe kéékèèké nínú iṣẹ́. Wàá kó fídíò nikáì jáde, ojú ìyàwó á ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ níbì kan ní àárín, o ò sì ní í mọ̀ títí ìyá ìyàwó á fi mọ̀. Nítorí náà, má tìtorí pé ó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí o máa jó. Àwọn ètò kan wà tí wọ́n fi ń dán pùrósẹ́sọ̀ wò, tó máa ń lò ó tipátipá. Jẹ́ kó lò ó fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Má sì dán an wò ní òwúrọ̀ nígbà tí kùrukùru bá ṣì wà lórí òkè Ọ̀kà, tí atẹ́gùn tútù bá ń wọlé. Ẹnikẹ́ni lè ṣe ọmọlúwàbí ní àsìkò yẹn. Ọ̀sán gangan ni kí o dán an wò, nígbà tí páànù orí ṣọ́ọ̀bù rẹ bá ti gbóná.

Bí ẹnì kan bá sì gbé iṣẹ́ padà wá bá ọ pé kò dára, má sọ pé iṣu rẹ̀ ni. Má sọ pé iná ni. Mo mọ̀ pé iná ìjọba ń ṣe bó ṣe wù ú níbẹ̀, o nílò sitabiláísà tó dára àti àpótí bátìrì tó ń gbé iná dúró, má sì yí ohunkóhun nínú báyọ́ọ̀sì lọ́jọ́ tí iná bá ń ṣẹ́jú. Àmọ́ kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara rẹ ná.

Ọjọ́ kẹta, ọ̀la ni ààwẹ̀. Ẹ̀wà ló pọ̀ jù lórí ìlà. Mo ti ń lọ ọ́ dé ìdajì nígbà tí mo gbọ́ ohun kan nínú ẹ̀rọ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Kí n tó yíjú, bẹ́líìtì já bọ́, ó na páànù òrùlé, ó kù díẹ̀ kó na èmi náà. Èéfín sọ. Ẹ̀rọ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dákẹ́. Àwọn obìnrin náà dákẹ́. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò tíì gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ogún obìnrin.

Ọ̀gá mi dé lórí kẹ̀kẹ́, ó ń tẹ̀ bọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó wo ẹ̀rọ. Ó wo gọ́fánà, ó tẹ̀ ba, ó tún wò ó. Ó wá padà sídìí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ tẹ àga rẹ̀ lápá ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́ lápá òsì.

"Ráṣíìdì."

"Ọ̀gá mi."

"Ọ̀nà ló dagun, àbí?"

Kò nà mí. Kò bú mi. Ó ní, "Sìpíríǹgì tí o yọ dà?" Mo wọnú igbó ẹ̀yìn ilé, mo ń fi ìka yẹ ewé wò bí adìẹ. N kò rí i. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ẹ̀rọ fi dákẹ́ kí ẹ̀yà tuntun tó dé láti Ìbàdàn, inú ààwẹ̀ gangan. Ọ̀gá mi gbé ọlọ òkúta méjì sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Àwọn èèyàn gbọ́dọ̀ jẹ àkàrà. Ìwọ tí o fẹ́ kí iṣẹ́ yá, jókòó."

Èmi, ọkùnrin, pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu, ni mo kúnlẹ̀ tí mo ń lọ ẹ̀wà gbogbo àdúgbò lórí ọlọ, ní ẹ̀bá títì, níbi tí ẹni tó ń lọ sọ́jà àti ẹni tó ń bọ̀ á ti rí mi. Ọmọbìnrin kan wà tó wá láti Ọ̀kà, ó ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀. Ó gbé ẹ̀wà dé, ó dúró lé mi lórí, ó fọwọ́ sí ìbàdí.

Ó ní, "Ẹ̀rọ Tuntun, ẹ kú iṣẹ́ o."

Mo tẹjú mọ́ ọlọ.

"Ẹ wò ó o, Ẹ̀rọ Tuntun mà ń làágùn! Ṣé omi ò sí nínú àgbá ni?"

Gbogbo wọn ṣubú lé ẹ̀rín. Ó wá sọ òmíràn ní èdè Ọ̀kà, àǹtí rẹ̀ fi ìborùn bo ẹnu. Títí di òní olónìí, mi ò mọ ohun tó sọ, mi ò sì fẹ́ kí o sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi bí o bá mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ kejì ó tún gbé ẹ̀wà wá. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀wà rẹ̀ pọ̀ ju ti lánàá lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò: èèyàn mélòó ló wà nílé àǹtí rẹ̀ tí wọ́n ń jẹ ẹ̀wà tó báyìí? Mo bi í. Ó ní, "Méjì ni wá."

Ìyá rẹ nìyẹn.

Lọ́jọ́ nikáì wa, ọ̀gá mi di nǹkan kan sínú bébà, ó fi lé mi lọ́wọ́ níwájú gbogbo èèyàn. Sìpíríǹgì kẹ̀kẹ́ ni. Ó ní, "Gbà, kó má baà wù ọ́ láti jí òmíràn." Ìyá rẹ ló fi pamọ́ sínú àpótí rẹ̀. Bí mo bá ti fẹ́ kánjú lórí ohunkóhun nílé, á lọ mú un wá, á gbé e síwájú mi lórí tábìlì.

Ìmọ̀ràn tó kù kò ní nọ́ńbà. Mo mọ̀ pé ó yẹ kó ṣáájú gbogbo wọn. Ìdírísù gan-an ní, "Bàbá, òun lẹ̀ bá kọ́kọ́ kọ." Mo ní kó fi mí sílẹ̀.

Nígbà tí ìyá rẹ dùbúlẹ̀, tí o gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ pé kó sọ ìtàn ayé rẹ̀, mo wà nínú yàrá. Ó sọ ti ilé wọn ní Ọ̀kà. Ó sọ ti àǹtí rẹ̀. Ó dé orí ẹ̀rọ ìlọta, ó ń rẹ́rìn-ín, ikọ́ ń dá a dúró, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ó wá wò mí. Ó ní, "Bàbá Múínà, ẹ jáde. Mo fẹ́ sọ ìdí tí mo fi ń gbé ẹ̀wà yẹn wá." Mo ní kó sọ ọ́ lójú mi. Ó ní, "Orí yín á wú. Ẹ jáde." Mo jáde. Mo jókòó lórí pèpéle, mo ń gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀yin méjèèjì, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, o bi mí bóyá mo fẹ́ gbọ́ ọ. Mo ní kí ló fẹ́ sọ tí mi ò mọ̀. Mo ní mo níṣẹ́ lóko.

Mi ò níṣẹ́ lóko, Àjíkẹ́.

Nítorí náà, kí o tó gbọn eruku kan, kí o tó wo nọ́ńbà kan nínú báyọ́ọ̀sì, ra fláàṣì méjì. Kó ohùn ìyá rẹ sínú méjèèjì. Gbọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lórí ẹ̀rọ mìíràn, kó dá ọ lójú pé wọ́n pé, kì í ṣe kí o kàn rí orúkọ wọn níbẹ̀ kí o ní ó ti tán. Fi ọ̀kan sínú àpótí rẹ. Ìkejì, fún awakọ̀ tó gbé lẹ́tà yìí wá. Ó ní òun á tún gba Ọ̀kà kọjá lọ́jọ́ Sátidé, òun á dúró. Ìdírísù ti ṣèlérí pé òun á fi sí rédíò mi. Mo ní kó máa lọ sílé bó bá ti fi sí i tán, kò kan òun.

Lẹ́yìn ìyẹn, fún kọ̀ǹpútà ní eré títí á fi fò gba orí òkè Ọ̀kà kọjá. Bó bá jóná, mi ò ní í sọ nǹkan kan. Irọ́ ni, màá sọ nǹkan, àmọ́ màá máa rẹ́rìn-ín sọ ọ́ ni.

Mo fi sìpíríǹgì náà ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Gbé e sórí kọ̀ǹpútà níbi tí ojú rẹ á ti máa rí i. Má fi í ṣe nǹkan kan.

Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ, á fi oníbàárà gidi rọ́pò àwọn tó máa ń wọlé nígbà tí mo bá pè ọ́. Kí Ó tẹ́ ìyá rẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Má gbàgbé ọjọ́ Sátidé. Mo ti ní èsì nílẹ̀ fún ohunkóhun tí ìyá rẹ bá sọ, mo kàn fẹ́ gbọ́ ti rẹ̀ ná.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ẹ̀rọ Tuntun.